Àwọn Agbẹ̀bí Orí Kẹ̀kẹ́ àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Mìíràn

London,
Ọjọ́ Àìkú.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bàámi ńkọ́? Àbúrò mi àti ìdánwò rẹ̀ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé orúnkún yín ti rọjú, pé ẹ ò sì tún gun àkàbà lọ ká ìbẹ́pẹ mọ́ bí mo ṣe bẹ̀ yín. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù ò tíì lọ tán, àmọ́ ó ti ń ṣojú àánú díẹ̀.

Ẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í yó yín, pé kí n kọ lẹ́tà bí àwọn èèyàn àtijọ́, kí ẹ lè rí nǹkan kà lọ́sàn-án tí iná bá lọ. Ẹ tún ní kí n má wulẹ̀ ròyìn iṣẹ́, pé iṣẹ́ ibi gbogbo iṣẹ́ náà ni. Ó dáa. Fíìmù àti ìwé ni mo máa bá yín sọ, torí àwọn ló ń bá mi gbélé nígbà tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn yàrá mi.

Ẹ jẹ́ n fi èyí tó kàn yín gan-an bẹ̀rẹ̀. Nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n kì í sinmi láti àárọ̀ títí di alẹ́. Eré kan wà tí BBC ti ń ṣe láti ọdún 2012, Call the Midwife lorúkọ rẹ̀. Màámi, eré àwọn agbẹ̀bí bíi yín ni o! Àwọn sístà ìjọ Áńgílíkà àtàwọn nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ jọ ń gbé ilé kan tí wọ́n ń pè ní Nonnatus House, ní Poplar, lápá ìlà oòrùn London níbí. Ọdún 1957 ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń gùn lọ gbẹ̀bí kiri ojúlé, báàgì irinṣẹ́ á wà níwájú tàbí lẹ́yìn. Ọ̀kan wà nínú wọn, Chummy, ó ga, ó sígbọnlẹ̀, kò sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn rárá. Níbi tó ti ń kọ́ ọ ló ti kọ lu ọlọ́pàá, ó dà á sílẹ̀. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn, ọlọ́pàá yẹn náà ló fẹ́ ẹ. Sístà àgbàlagbà kan tún wà tí kì í fojú kan kéèkì kó má jí i jẹ. Ẹ máa fẹ́ràn ìyẹn.

Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àdúgbò yẹn ni wọ́n bí i sí. Bí eré náà bá ti bẹ̀rẹ̀, á ní kí n ti àga òun sún mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́: ó ní òpópónà tí wọ́n fi hàn yẹn mọ́ jù, ó ní aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn funfun jù, ta ló rí ọṣẹ tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn? Àmọ́ bí obìnrin orí tẹlifíṣọ̀n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ó dákẹ́ nìyẹn. Á na ọwọ́ sí mi láìwojú mi, á sì di ìka mi mú títí ọmọ á fi ké. Ìgbà tí ọmọ bá ké tán ló máa jáwọ́, á wá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ aṣọ orí okùn padà.

Apá àkọ́kọ́ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Obìnrin ará Sípéènì kan wà níbẹ̀, Conchita lorúkọ rẹ̀. Ọmọ 24 ló ti bí. Ọkọ ò gbọ́ èdè ìyàwó, ìyàwó ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tọkọ, ọmọ 24! (Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín láti ibí.) Ó wá ṣubú nínú oyún ìkarùndínlọ́gbọ̀n, ọmọ náà sì dé láìpé oṣù, kékeré báyìí. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, Conchita ní ẹnikẹ́ni ò ní gba ọmọ òun lọ́wọ́ òun. Ó tẹ́ ẹ sáàárín ọmú rẹ̀ méjèèjì, ó ń fún wàrà rẹ̀ sí i lẹ́nu ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ọmọ sì yè. Nígbà tí mo rí i, ẹ̀yin ni mo rántí. Ṣebí ohun tẹ́ ẹ sọ pé ẹ máa ń ṣe ní wọ́ọ̀dù náà nìyẹn nígbà tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí bá tutù: kí ẹ bọ́ aṣọ lára ìyá, kí ẹ fi ìró gbá ọmọ mọ́ ọn láyà.

Eré náà wá láti inú ìwé. Jennifer Worth tó kọ ọ́ ti ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí níbẹ̀ rí, ọdún 2002 ni ìwé náà jáde. Mo rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù, owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì kan. Màámi, ìwé yẹn le ju eré lọ. Ìdun wà nínú rẹ̀, ebi wà nínú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tún wà níbẹ̀, Mrs Jenkins, aláṣọ àkísà. Ibi tí wọ́n bá ti bímọ ládùúgbò ló máa ń yọ sí, á máa bi àwọn nọ́ọ̀sì pé ọmọ ńkọ́, ṣé ọmọ wà dáadáa? Wọ́n ń lé e bí aṣiwèrè. Ìgbà tó yá ni a tó mọ̀ pé ọmọ tirẹ̀ náà pọ̀, pé ilé tí ìjọba máa ń kó àwọn òtòṣì sí láyé ọjọ́un, tí wọ́n á ti ya ìyá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, ni gbogbo wọn kú sí. Mo pa ìwé dé níbẹ̀, mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Ohun tí n kò fẹ́ràn nínú eré náà ni ìparí rẹ̀. Bí gbogbo ẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀, ohùn ìyá àgbà kan á bẹ̀rẹ̀ ìwàásù lórí ìfẹ́ àti ìgboyà. Ìgbà yẹn ni mo máa ń lọ gbé omi tíì kaná fún àwọn ará ilé. Ohun tójú ti rí, kí ló kù tẹ́nu fẹ́ fi kún un?

Ẹ bá mi ka ibí yìí sí àbúrò mi létí, ẹ má fo ọ̀rọ̀ kankan. Ìwọ, mo gbọ́ gbogbo àtẹ̀ránṣẹ́ tó o fi ránṣẹ́ lórí fíìmù Aníkúlápó, títí kan èyí tó o ti ń jẹ gúgúrú sí mi létí. O ní Arọlákẹ́ ayaba ló ba Ṣàrò olólùfẹ́ rẹ̀ láyé jẹ́. Lọ tún un wò. Ìgbà tí Ṣàrò kú, tí ẹyẹ àkàlà dé orí òkú rẹ̀, ta ló dìde sí ẹyẹ? Ta ló gba àdó? Ṣàrò nà gbalaja sílẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Ó jí tán, ó wá ń fi àdó tí obìnrin gbà jí òkú kiri, wọ́n ń kì í, wọ́n ń pè é ní Aníkúlápó, ó ń kó ìyàwó jọ. Orúkọ yẹn, ta ló ni ín? O ní obìnrin náà ò ní sùúrù. Mo ní ó ní sùúrù jù! Tó bá jẹ́ èmi ni, ọjọ́ tó fẹ́ ìyàwó kejì ni àdó máa ṣófo.

Fíìmù náà dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Kúnlé Afọláyan mọ bí wọ́n ṣe ń fi kámẹ́rà wo aṣọ òfì àti ilé amọ̀. Ìgbójàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbẹ̀ ló ti kọ́ ìlú tí wọ́n ti yà á, gbogbo ẹ̀ sì dùn ún wò. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé gẹ́gẹ́ bí Awárùn, áà, bó bá ti la ẹnu, ńṣe ni mo ń jókòó dáadáa lórí àga. Àmọ́ láti ìgbà tí Ṣàrò àti Arọlákẹ́ ti sá kúrò ní Ọ̀yọ́, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìkéde ìjọba. Ọba ń kà, ìjòyè ń kà, iyàwó ilé náà ń kà. Eré alápá-apá tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2024, mo wò ó tán, àmọ́ ti 2022 tó mi. Jagun Jagun náà, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ fún mi. Gbọ́tíjà tó ń bá igi sọ̀rọ̀ nìkan ni mo bá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo padà lọ bá Ṣaworoidẹ. Màámi, ọdún 1999 ni fíìmù yẹn jáde, ẹ rántí pé a ò kí í jẹ́ kí ẹni tó ni tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò sùn nígbà yẹn. Mo bẹ̀rù pé bóyá ìgbà èwe ló mú kó dùn. Irọ́ ni, ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lápité fẹ́ jọba Jogbo, kò sì fẹ́ mulẹ̀. Ohun tí gbogbo ìtàn náà dúró lé nìyẹn, kò sì sí ẹni tó jókòó tì wá pé kó ṣàlàyé. Àwọn ìjòyè ń gbowó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí àwọn ìjòyè tí mo mọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀: ẹ̀rín lápá kan, ìbẹ̀rù lápá kejì. Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe Ọ̀pálábá. Á yọ síbi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀, á pa òwe kan, á bá tirẹ̀ lọ. Kò ní dúró kó tú u fún yín. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé London yìí ni Kèlání ti kọ́ iṣẹ́ fíìmù? Nígbà míì tí mo bá ń gba àárín ìlú kọjá, mo máa ń rò ó pé òtútù yìí náà ló mú un. Ará Gánà tá a jọ ń gbé bá mi wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí Lagata, ṣọ́jà tó fipá gbàjọba, gbé adé lé orí tí ọmọ Àyángalú onílù sì lu ìlù ṣaworoidẹ tó ń pa ọba tí kò mulẹ̀, ó fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń pariwo débi pé ẹni òkè ilé lu ilẹ̀.

Ó yá, Bàámi ló kàn. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ka Àjà Ló Lẹrù tí wọ́n tì sínú àpótí mi láìsọ fún mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, nígbà tí mo bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ò dáa! Bí Lápàdé àti Tàfá Ìgírípá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwe gbára wọn, òwe lórí òwe, ẹ̀rín ń pa mí, àwọn tó ń lọ sí ọ́fíìsì sì ń wò mí. Ọdún 1969 ni ìwé náà jáde, ṣùgbọ́n bí olè ṣe ń ronú, bí ọlọ́pàá ṣe ń ronú, kò tíì yí padà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára Lápàdé ni pé ó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, síbẹ̀ kò lè rí ìwà ibi kó gbójú kúrò. Kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ ni.

Bàámi máa ní Fágúnwà ńkọ́. Mo mọ̀ pé inú wọn ò ní dùn, àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ láti máa sọ òótọ́ ni mí. Ìjà Àkàrà-Ògùn àti Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, mo lè kà á lóròòru. Kàkó, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-Iyọ̀, ìrìn Òkè Láńgbòdó, mo gbà, kò sírú ẹ̀. Ilé Ìrágbèjè ni kò wọ̀ mí. Bàbá yẹn á kó wọn jókòó, á máa kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́, àwọn akọni tó ti bá iwin jà! Ní kékeré, mo máa ń ṣí ojú ìwé náà kọjá tí Bàámi bá yí ojú. Mo ti dàgbà, mo ṣì ń ṣí i kọjá. Kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ èsì sí mi, kí wọ́n jà fún Ìrágbèjè bí wọ́n bá lè jà.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Bódìjà lóṣù tó ń bọ̀ ti gbà láti bá mi gbé ẹrù díẹ̀. Ẹ bá mi fi Àgbàlagbà Akàn sínú ẹ̀, ẹ̀dà tó wà lókè pátákó ìwé Bàámi, pẹ̀lú ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó àti irú díẹ̀ tẹ́ ẹ bá lè dì í kó má rùn dénú ìwé. Mo ń fi ìwé àwọn agbẹ̀bí ránṣẹ́ sí yín lọ́wọ́ ẹni náà tó bá ń padà. Mo ti fi ègé bébà há ojú ìwé tí Conchita wà. Ẹ máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n máa ń ní kí aboyún fi dùbúlẹ̀ láti bímọ, mo sì ti mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ibòmíì tí iṣẹ́ wọn ò bá ti tẹ́ yín lọ́rùn. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ lò, torí ìyá orí àga yẹn ní tẹ́ ẹ bá kà á tán, kí n gbà á padà, òun náà fẹ́ gbọ́ ohun tí agbẹ̀bí Ìbàdàn rí sí i.

Ọmọ yín tòótọ́,
Àbẹ̀kẹ́