Ẹ Wo Fídíò Kí Ẹ Tó Dá Wa Lẹ́bi

Olóòtú,

Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nítòsí Ìjìgbò ní Adó-Èkìtì, onítáásì kan tó ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bọ́ sí ọ̀nà tiwa, ó sì fọ́ iná iwájú ọkọ̀ mi. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń pariwo pé èmi ni mo kọ lu òun, àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí agbófinró dé, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà wà nínú ọkọ̀ mi, ẹ wá wo bó ṣe ṣẹlẹ̀." Ẹ gbọ́ ohun tó fi dá mi lóhùn: "Màmá, a kì í wo fíìmù níbí. Ẹ lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara yín."

₦70,000 ni mo ná lọ́dọ̀ panẹ́bítà àti sórí iná tuntun. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi, wọn ò wò ó.

Kò sí ẹni tó máa sọ fún mi pé owó dash cam, ìyẹn kámẹ́rà inú ọkọ̀ tó ń ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ni mo fi ṣòfò. Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ ohun tí ojú ń rí lójú ọ̀nà yẹn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò pẹ́ rárá. Bátìrì ló wà nínú ẹ̀, oòrùn ọ̀sán sì wú u bí àkàrà níbi tí mo ń gbé ọkọ̀ sí. Èyí tí mò ń lò báyìí kò ní bátìrì, kàpásítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́ fúngbà díẹ̀, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn sì ń fara da ooru. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó kọ́kọ́ bi ọlọ́jà léèrè ìyẹn, kó má jẹ́ kí "4K", ìyẹn àmì pé àwòrán rẹ̀ mọ́ gan-an, tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí tan òun. 1080p, tí àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti 4K, tó fún ojúmọmọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣí fídíò alẹ́ kan hàn yín, kí ẹ wò bóyá nọ́ńbà ọkọ̀ iwájú ṣeé kà.

Mẹ́mórì káàdì náà ṣe pàtàkì. Kámẹ́rà yìí kì í sinmi. Bí káàdì bá ti kún, á máa pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́ láti gba tuntun, àfi èyí tó bá tì pa fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá gbọ̀n jìgìjìgì. Mẹ́mórì káàdì fóònù lásán kò lè fara dà á, èyí tí wọ́n kọ "high endurance" sí lára, ìyẹn èyí tó lè fara da iṣẹ́ àṣekára, ni kí ẹ rà. Kí ẹ sì tún aago kámẹ́rà náà ṣe! Ta ló máa gba fídíò tó ń pe ọdún yìí ní 2019 gbọ́?

N kò sọ pé ó ń rí ohun gbogbo o. Ọlọ́kadà kan ha ilẹ̀kùn mi ní Ọjà Ọba, ariwo nìkan ni kámẹ́rà mú. Bí ìwọ fúnra ẹ bá sì jẹ̀bi, ó máa fi ọ́ hàn. Àbúrò ọkọ mi yọ tirẹ̀ kúrò nítorí ìyẹn. Èmi kò ní yọ tèmi.

Ṣùgbọ́n kí ni èrè ẹ̀rí tí wọn kò fẹ́ wò? Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, ní abala 84, fàyè gba ohun tí kọ̀ǹpútà gbà sílẹ̀ nílé ẹjọ́, bí ẹni tó mú un wá bá ti tẹ̀ lé ìlànà. Bí adájọ́ bá lè wò ó, ta ni ẹni tó dúró sójú títì tó ní òun kò wò ó? Ilẹ̀ Iyì là ń pe Èkìtì. Kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó bá lóhùn jù ni yóò máa jàre níbẹ̀. Àwọn tó wà nípò ń rí i, wọ́n dákẹ́.

Àṣẹ kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí agbófinró tó bá dé ibi ìjàǹbá má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kó tó béèrè pé, "Ṣé kámẹ́rà wà nínú ọkọ̀ kankan?" Bó bá wà, kó wò ó lójú àwọn méjèèjì, ọ̀pọ̀ dash cam ló ní Wi-Fi tó ń gbé fídíò sórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Kó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti aago tó wò ó sínú ìwé, kí wọ́n da ẹ̀dà rẹ̀ kọ, kí wọ́n sì dá káàdì padà fún olówó rẹ̀. Kí wọ́n fi Ìjìgbò, Òkèsà àti Fajuyi bẹ̀rẹ̀. Kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Fídíò ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti dà á kọ sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá tó bá fẹ́ wò ó, kò gùn tó ìṣẹ́jú kan.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì