Àbẹ̀kẹ́, ẹ má tíì sanwó aṣọ yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò aṣọ tí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde yín. O pè é ní àdìrẹ. Wo ibi tí etí rẹ̀ ti ká: ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Aṣọ tí wọ́n bá rì sínú aró, aró á mu ún tinú tẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ló tẹ èyí, láti Ṣáínà ni wọ́n ti ń kó o wá.

Mi ò bínú pé ẹ wá ohun tó dínwó. Èmi náà ń lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí Ìyá Aláró ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa níbí, tí wọ́n máa ń fún ẹ ní àkàrà? Láyé ìyá tiwọn, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún fún aró, wọ́n á fi láfún ro ẹ̀kọ, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ fi ẹ̀kọ náà kọ bátànì bíi Olókun tàbí Ìbàdàndùn sára aṣọ, kí aró má baà mu ibẹ̀. Àbẹ́là ni wọ́n ń lò báyìí dípò ẹ̀kọ kí iṣẹ́ lè yá. Síbẹ̀, kí yáàdì márùn-ún tó jáde, ẹni tó tẹ àbẹ́là ti jẹ níbẹ̀, ẹni tó pọnmi ti jẹ, ẹni tó rẹ ẹ́ láró, ẹni tó fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là kúrò. Ogún lẹ jẹ́, yáàdì márùn-ún lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún yáàdì nìyẹn!

Kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn ará Ìtòkú náà mọ́ o. Kẹ́míkà bíi kọ́sítíìkì sódà àti háídírò ló wà nínú aró òde òní, bí wọ́n bá sì ti lò ó tán, gọ́tà ni. Mo rí gọ́tà kan tó dúdú kirikiri, tí koríko etí rẹ̀ ti jó gbẹ. Odò Ògùn ni omi gọ́tà ìlú yìí ń bá lọ. Mo bi Ìyá Aláró, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé kí n gbé e mu ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Wá ní Sátidé, ká jọ lọ. Kó owó tí ẹ dá dání. Bí kò bá ká aṣọ, ẹ fi ra ti gèlè àti fìlà. Ná ọjà náà, ṣùgbọ́n má ná an débi tí owó àbẹ́là wọn ò ní jáde. Kí o sì bá mi bi wọ́n léèrè omi yẹn. Ìwọ ni wọn ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Abẹ́òkúta