Lẹ́tà sí Kúbúrá lórí résìn tó fẹ́ rà fún Fàrídà

Pópó-Ọbà,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Kúbúrá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Fàrídà ńkọ́? Ṣé Houston ò tíì gbóná jù? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà ń tà díẹ̀díẹ̀.

Mo rí àwòrán páálí résìn tí o fi ránṣẹ́, oje olómi tí à ń pò kó lè gan bíi gíláàsì, èyí tí o fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ìbí Fàrídà ọmọ rẹ. Ó rẹwà lóòótọ́: òdòdó gbígbẹ, móòdù onílabalábá, nǹkan dídán yinrinyinrin, ọmọbìnrin kékeré tó ń rẹ́rìn-ín lára páálí. O ní torí pé résìn ni mo fi ń jẹun lo ṣe kọ́kọ́ bi mí. O ṣeun tí o bi mí. Má rà á.

Jẹ́ kí n rò ó fún ẹ, kí o má baà ní mò ń jowú iṣẹ́ mi. Ìgò méjì tó wà nínú ẹ̀, A àti B, irú nǹkan tí èmi ń rà ní gálọ́ọ̀nù náà ni. A ni résìn, B ni hádínà tó ń mú un gan. Bí wọ́n bá ti pò pọ̀ tó sì gan dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe èèyàn ní nǹkan mọ́. Ìgbà tó ṣì jẹ́ omi ni ìjà wà. Hádínà lè jó èèyàn lára. Ti résìn tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ara lè máa gbà á, kó wá di ọjọ́ kan kó kọ̀ ọ́. Bí ara bá sì ti kọ̀ ọ́, kì í gbàgbé. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ tó bá tún kàn án á dá wàhálà sílẹ̀, bó pé ogún ọdún.

Ọmọbìnrin kan kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tí kì í fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní ó ń mú ọwọ́ òun làágùn. Mo sọ, sọ, ẹnu ń ro mí. Kò pẹ́, àárín ìka rẹ̀ sú, ó ń yún un, awọ ibẹ̀ sì ń bó. Ọwọ́ yẹn náà ló fi ń nu òógùn ojú. Ó dé ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú, ojú ọ̀tún ti dí pátápátá. Dókítà ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Títí dòní, bó bá yà kí mi tí mo ń po résìn lọ́wọ́, ìta ló ń dúró sí. Àgbàlagbà nìyẹn o. Ọmọ ọdún 9 tó ń fi ọwọ́ kan náà kan imú, kan ojú, tó tún fi mú bísíkíìtì ńkọ́?

Mo mọ̀ ẹ́, wàá ní kí o kúkú ra èyí tó ń gan lábẹ́ iná UV. Acrylate nìyẹn, ẹbí jẹ́ẹ̀lì tí àwọn oní-néèlì ń lò ni. Òun náà, ara lè kọ̀ ọ́ títí ayé, ó sì máa ń gba inú ìbọ̀wọ́ latex kọjá kíákíá. Ìbọ̀wọ́ nitrile lèmi ń wọ̀. Ẹbí yẹn náà sì wà nínú nǹkan tí dókítà eyín fi ń dí eyín, ìyẹn ni pé wàhálà òní lè bá ọmọ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín lọ́la.

Ooru tún wà ńbẹ̀: bí A àti B bá ti pàdé, ooru ló ń jáde. Ọmọ iṣẹ́ mìíràn po púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sílẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù, ó lọ jẹun. Ká tó mọ̀, ike ti yọ́, èéfín ń rú. Ọmọdé wo ni kò ní fẹ́ da ìgò méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ní ti ASTM D-4236 tí o rí lára páálí, ìyẹn ìlànà kíkọ ìkìlọ̀ sára ohun èlò iṣẹ́ ọnà, kì í ṣe pé wọ́n ní ó dáa fún ọmọdé. Òfin kan tí ìjọba yín ṣe lọ́dún 1988 ló sọ ọ́ di dandan: onímọ̀ á yẹ ohun tó wà nínú ẹ̀ wò, wọ́n á sì kọ ìkìlọ̀ tó bá yẹ sí i. Ohun tó léwu gan-an lè ní in. Ẹ̀yìn ni kí o wò, níbi lẹ́tà wínníwínní, bóyá wàá rí àmì ìyanu (!), tàbí àwòrán ọwọ́ tí omi ń jẹ, nínú ìlà pupa. Ti gálọ́ọ̀nù mi ní àwòrán ẹja tó kú sẹ́bàá igi gbígbẹ, ìyẹn ni pé ó léwu fún ohun tó ń gbé inú omi. Ìyá mi tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo rí i, wọ́n ní, "Ta ló pa eléyìí?" Látìgbà yẹn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ìṣẹ́kù sí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà. A máa ń jẹ́ kó gan ká tó dà á nù ni.

Bí Fàrídà bá ti lò ó nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó ta sí i lára, ọṣẹ àti omi ni. Má fi acetone (omi tí wọ́n fi ń pa néèlì rẹ́) tàbí sípíríìtì nù ún, ńṣe nìyẹn máa ń tì í wọnú awọ. Bó bá kó sí ojú, ẹ fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ pe Poison Control yín, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé, 1-800-222-1222.

Dípò résìn, ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú ni mo máa fi rán àbúrò rẹ tó ń bọ̀ wá, kó kó o fún Fàrídà. Bó bá sì jẹ́ pé résìn gan-an ló ń wù ú, kó sa òdòdó gbẹ sáàárín ìwé, kó fi ránṣẹ́, mo máa ṣe kí-hódà fún un. Kó fúnra rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà fún mi o, bóyá Farida ni tàbí Faridah, torí bó bá ti gan, mi ò lè pa á rẹ́ mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Rísí