Luther kò fi ìjọ sílẹ̀ ní 1517

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Tí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ, àwọn ìjọ Yorùbá kan ní Kàdúná àti Àbújá a máa ṣe eré Martin Luther, mọ́ńkì ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ tó bí àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń kọ eré náà kí wọ́n má ṣe fi í hàn bí ẹni tó fi ìjọ sílẹ̀ ní 1517.

Kì í ṣe 31 oṣù kẹwàá 1517 ni Luther kúrò nínú ìjọ Àgùdà. Èdè Látìn ló fi kọ kókó 95 tó fi ta ko títa ìwé ìdáríjì (ìwé tí wọ́n ní ó ń dín ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù), kí àwọn ọ̀mọ̀wé lè jíròrò lé e. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn bóyá ó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní Wittenberg, ìlú tó ń gbé. Lẹ́tà tó kọ sí Albrecht, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, lọ́jọ́ náà ló dájú.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ló yẹ kí eré dúró lé. Albrecht jẹ gbèsè ńlá lọ́wọ́ ilé owó Fugger nítorí oyè bíṣọ́ọ̀bù àgbà rẹ̀. Póòpù Leo Kẹwàá gbà kó máa ta ìwé ìdáríjì: ìdajì fún gbèsè, ìdajì fún kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Wọn ò jẹ́ kí Tetzel tó ń tà á wọ Saxony, ilẹ̀ tí Wittenberg wà, làwọn ará Wittenberg bá ń lọ bá a ní Jüterbog, ìlú tó wà lẹ́yìn ààlà. Ìyẹn ló ká Luther lára, torí òun ló ń wàásù fún wọn.

3 oṣù kìíní 1521 ni Póòpù tó yọ Luther kúrò nínú ìjọ. Ní ìlú Worms ní Jámánì, níwájú olú ọba àtàwọn ìjòyè, ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n to ìwé rẹ̀ jọ síwájú rẹ̀, wọ́n sì bi í bóyá yóò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó tọrọ ọjọ́ kan kó tó fèsì. Ẹ wọ aṣọ mọ́ńkì fún un níbẹ̀, ẹ má sì fi Katharina sí i: 1525 ni wọ́n ṣègbéyàwó.

Àwa olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi,
Kàdúná