Màmá, ẹ má tíì se àgbo ẹ̀dọ̀ yẹn

Màmá mi,

Ẹ kú ọjà o, ẹ kú àárò ọmọ. Ẹrù tẹ́ ẹ fi rán ọmọ àdúgbò yẹn ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀gúsí ò dà, irú náà pé, àmọ́ ó ti gba gbogbo ilé kan, ẹni tá a jọ ń gbé ń béèrè pé kí ló kú sínú fíríìjì. Mo sì ti gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ méjì lẹ bi mí níbẹ̀, ìgbà wo ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo ẹ̀dọ̀ tẹ́ ẹ dì sínú agolo Milo yẹn, àti kí ni kẹ́ ẹ tà fún ọmọ tó wá bá yín nígbà tẹ́ ẹ ti ń kó àtẹ l'Ọ́jà Ọba, tó ní ẹni tó mọ̀ mí ló júwe yín fún òun, pé òun náà, bíi tèmi, ń lo họ́mónù tó ń sọ ara ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin di ti obìnrin, pé òun ń wá ewé tó ń fọ ẹ̀dọ̀.

Ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ ò lé e. Ẹlòmíì ìbá ti pariwo le lórí kí gbogbo ọjà gbọ́. Tiẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn torí òun ló wà nínú ewu jù mí lọ.

Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe fún aláboyún, ẹ kì í ṣí àpò ewé rárá tẹ́ ẹ ò bá tíì bi í pé oyún yẹn ti pé oṣù mélòó, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wà, kí ló ti lò sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe fún ọmọ yẹn. Ẹ ní kó mú páálí oògùn ẹ̀ wá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀pọ̀ àwa tí ò rí dọ́kítà tó máa gba ọ̀rọ̀ wa yẹ̀ wò, kẹ́místì la ń lọ, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí làwọn kan ń rà, wọ́n á máa gbé e mì lọ́pọ̀ kí ọmú lè tètè yọ. Tẹ́ ẹ bá rí ethinyl estradiol lára páálí yẹn, ìyẹn họ́mónù obìnrin àtọwọ́dá inú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ bá mi sọ fún un kó dúró ná. Àwọn dọ́kítà ò kọ ọ́ fún wa mọ́ láyé ìsinsìnyí, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, ẹsẹ̀ kan á wú á máa dunni, tí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá wá gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pààyàn. Tó bá tún ń mu sìgá, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò séwé lórí àtẹ yín tó lè fọ ìyẹn. Estradiol gangan ni wọ́n ń lò báyìí, irú èyí tí ara obìnrin fúnra ẹ̀ ń ṣe. Tó bá sì jẹ́ cyproterone, oògùn tó ń dènà họ́mónù ọkùnrin, lẹ rí lára páálí, ìyẹn náà lè da ẹ̀dọ̀ láàmú, pàápàá tó bá ń lò ó ju bó ṣe yẹ lọ, kó lọ yẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀ wò ni, kì í ṣe àgbo.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀dọ̀ bó ṣe yé mi. Ẹ wò ó bí ààrò kan ṣoṣo tí gbogbo agboolé ń dáná lé. Ohunkóhun tèèyàn bá gbé mì, tó bá ti kúrò nínú ìfun, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yà kó tó dé ibòmíì, Panadol o, àgbo o, ògógóró o, họ́mónù o, gbogbo wọn ló ń tò síbẹ̀. Ewé kan wà tó jẹ́ pé ṣe ló ń koná mọ́ ààrò yẹn, họ́mónù á jó tán kó tó ṣiṣẹ́. Òmíì ń pa iná ẹ̀, họ́mónù á wá kún ara ju bó ṣe yẹ. Níbí ní Kánádà ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní St. John's wort, ẹni tí ọkàn ẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì ló ń lò ó, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan kẹ́ ẹ tó rà á, ìyẹn ń koná gan-an, ó ń dín estradiol kù lára, ó ń dín oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kù, ó ń ba iṣẹ́ oògùn HIV jẹ́ pẹ̀lú. Grapefruit ní tiẹ̀, ọsàn ńlá tó korò díẹ̀ yẹn, òdìkejì ló ń ṣe fún họ́mónù tí wọ́n ń gbé mì. Ọsàn lásán o, Màmá!

Ìdí nìyẹn tínú mi fi dùn pé wọ́n gbé mi kúrò lórí èyí tí wọ́n ń gbé mì, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ni mo ń lò báyìí. Pélébé ni, ó mọ́ gaara, ìsàlẹ̀ ikùn ni mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń pààrọ̀ ẹ̀, aṣọ òtútù ló kàn ń kó ìdọ̀tí dúdú sí etí ẹ̀ tí mo ní láti máa fi òróró nù. Awọ ara ló ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀, kì í kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀. Ìkejì tí mo ń lò ni spironolactone tó ń dènà họ́mónù ọkùnrin. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni látilẹ̀wá, ó ń mú mi tọ̀ ṣáá, àmọ́ ó ń há pọtáṣíọ̀mù, irú iyọ̀ kan, mọ́ ara, tí ìyẹn bá sì pọ̀ jù ó lè da lílù ọkàn rú. Omi àgbọn kún fún pọtáṣíọ̀mù, nítorí náà èyí tẹ́ ẹ ní kí n máa mu láràárọ̀ kó lè tu ẹ̀dọ̀ lára, mi ò ní lè mu ún láràárọ̀, ẹ má bínú.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ mi wò lọ́dún àkọ́kọ́, ó ti jìnnà síra báyìí. Èyí tí wọ́n wò kẹ́yìn, ẹ̀dọ̀ mi dá ṣáká. Kí la wá fẹ́ fọ̀? Ẹ̀dọ̀ gan-an ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan níbí ń ra milk thistle, èso ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan báyìí, owó gidi ni wọ́n ń ná sí i, kì í sábà ṣe èèyàn ní jàǹbá, àmọ́ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ò rí i kó tún ẹ̀dọ̀ ṣe tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Èmi ò ra tèmi.

Àgbo inú agolo Milo wá ńkọ́. Nígbà tí mo ṣí i, èèpo igi ìsàlẹ̀ ti bu, ó funfun yọ̀ọ̀, tí mo bá fọwọ́ kàn án eruku ń fò. Mo ti dà á nù. Bíbu yẹn gan-an lọ̀tá ẹ̀dọ̀, ẹ̀pà tó bu, àgbàdo tó bu, májèlé kan máa ń wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, sísè ò sì ń pa á tán. Ẹ bá mi yẹ èyí tó kù nínú àpò wò, ẹ sá a kó gbẹ gbin-gbin kẹ́ ẹ tó dì í, ọ̀rá yẹn ló ń mú un làágùn.

Mi ò ní kí ọmọ yẹn má jẹ ewé o, ṣé èmi ni mo máa wá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ewúro nínú ọbẹ̀, kó fi iyán kàn án, oúnjẹ ni. Orógbó kan lẹ́nu, ó dáa. Àmọ́ kó gún ewúro kó fún omi ẹ̀ kún ife, kó máa gbé e mu tàárọ̀-talẹ́ fún oṣù, ìyẹn ti kúrò ní oúnjẹ. Ẹ wo atalẹ̀ pupa, nínú ọbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ìgbà tí wọ́n wá fún un pọ̀ sínú kápúsù, tí wọ́n fi ata dúdú (black pepper) lé e kí ara lè gbà á dáadáa, ni ojú àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, àwọn dọ́kítà ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Tíì aláwọ̀ ewé (green tea) náà bẹ́ẹ̀, mímu ò burú, èyí tí wọ́n fún pọ̀ sínú kápúsù ni àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Yúróòpù kìlọ̀ nípa ẹ̀ lọ́dún 2018. Paraga ní tiẹ̀, kó má fẹnu kàn án rárá, ọtí ti ń ja ẹ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ewé tó bọ́ sínú ẹ̀. Àwọn kan sì ń lọ oògùn ìrora mọ́ àgbo kó lè tètè mú èèyàn, ẹ ò ṣe irú ẹ̀, àmọ́ ẹ mọ ẹni tó ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi dípò àgbo fún un ni pé kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì kan ń fà. Ìyẹn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nílẹ̀ wa ju họ́mónù lọ, ó lè wà lára èèyàn fún ọdún gbọọrọ láìṣe nǹkan kan. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ́rẹ́ ẹ̀ kún ti ọmọ ìkókó ní Nàìjíríà, ẹ̀yin náà àti Bùọ̀dá, ẹ lọ ṣe é jọ̀ọ́. Tí kò bá sí lára ẹ̀, kó gba abẹ́rẹ́, mẹ́ta ni láàárín oṣù mẹ́fà. Kò pọndandan kó sọ ti họ́mónù fún ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ní lábù, kó ṣáà ní òun fẹ́ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀dọ̀ àti hepatitis. EKSUTH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, wà l'Ádó, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ sì wà n'Ídòó. Dọ́kítà tó bá máa kọ oògùn fún un ló yẹ kó mọ gbogbo ẹ̀, ewé àti oògùn, láìfi nǹkan kan pamọ́.

Tẹ́ ẹ bá rí ibà pọ́njú lára ẹ̀, kí funfun ojú ẹ̀ pọ́n, kí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú, kí ìgbẹ́ ẹ̀ funfun, kí ara máa yún un láìní èélá, tàbí kó máa dùn ún lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ẹ má se nǹkan kan, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Tó bá ti mú páálí yẹn wá, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ má jẹ́ kójú ẹ̀ hàn nínú fọ́tò, kẹ́ ẹ sì pa á rẹ́ torí àwọn ọmọ Bùọ̀dá ń tú fóònù yín. Màá fi han nọ́ọ̀sì mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sì fi èsì ohùn ránṣẹ́ padà. Owó irú àti ẹ̀gúsí ti wà nínú àkáǹtì yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ulé.

Èmi Àbẹ̀kẹ́ yín