Àdùkẹ́, Jẹun Kí O Tó Jáde

Mangaluru, Íńdíà

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o, ìwọ àti àwọn ọmọ. Mo rí ìwé rẹ gbà. Ohun tí o sọ nínú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, pé tíì lásán lo máa ń mu kí o tó sáré bá ọkọ̀ ojú irin, àti pé ó di ọ̀sán kí o tó fi nǹkan gidi kan ẹnu. Inú mi ò dùn sí i rárá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ebi ṣe. Mo ti rí oúnjẹ kan fún ọ níbí, kò sì ní gbà ọ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ.

Ìrẹsì ni, àmọ́ ìrẹsì tí wọ́n ti gún tó tẹ́ pẹlẹbẹ. Wọ́n á rẹ ìrẹsì tí wọn ò tíì bó èèpo rẹ̀ sómi, wọ́n á yan án, wọ́n á sì gún un nígbà tó ṣì gbóná. Odó ni wọ́n fi ń gún un láyé àtijọ́, ẹ̀rọ ló ń ṣe é báyìí. Torí pé ó ti rí iná kó tó dé ọjà, kò tún nílò sísè mọ́. Avalakki ni wọ́n ń pè é lédè Kannada, ṣùgbọ́n poha ni kí o bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ní Southall tàbí Wembley. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni kí o mú, tí wọ́n kọ “thin” sí lára. Èyí tó nípọn dáa lọ́tọ̀, àmọ́ omi ló fẹ́, kì í ṣe òun ni mò ń wí.

Àgbọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Màmá onílé mi ni mo ti rí i kọ́. Màmá á jókòó sórí pákó kékeré kan tí wọ́n kan irin eléyín mọ́ níwájú, á di ìlàjì àgbọn mú, á máa yí i lórí irin náà, funfun rẹ̀ á máa já bọ́ sínú abọ́. Kì í jẹ́ kí irin kan èèpo dúdú inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á da iyọ̀, ṣúgà ìrèké díẹ̀ àti ata lílọ̀ sórí àgbọn yẹn, á wá fi ọwọ́ fún un, á máa fún un títí oje á fi jáde. Ìgbà yẹn ló tó da ìrẹsì sí i. Oje àgbọn nìkan ló ń mú ìrẹsì náà rọ̀. O mọ bí gààrí tí a wọ́n omi sí ṣe máa ń wú díẹ̀díẹ̀ láì di ẹ̀bà? Bó ṣe máa rí gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, má ra àgbọn gbígbẹ inú ọ̀rá. Kò ní oje. Ra tútù, tàbí èyí tí wọ́n ti rin tí wọ́n kó sí fírísà. Ife ìrẹsì 2 sí ife àgbọn 1 dáa. Ata náà, yan ata gbígbẹ pẹ̀lú èso coriander ṣíbí 2 àti cumin ṣíbí 1, kí o lọ̀ ọ́ kúnná.

Wá gbé páànù kékeré kaná, bu àdín àgbọn sí i. Kọ́kọ́ dín ẹ̀pà kó pọ́n, kí o da èso mustard sí i, kí o sì sún sẹ́yìn, torí yóò máa ta pàrà pàrà. Ewé kọ́rì ló kẹ́yìn. Ewé tútù ni mò ń wí o, kì í ṣe kọ́rì lẹ́búlẹ́bú tí à ń dà sínú ìrẹsì nílé. Da gbogbo rẹ̀ lé ìrẹsì, rò ó pọ̀, kí o jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n ní ìtàn kan níbí tó mú mi rántí rẹ. Krishna, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tí tẹ́ńpìlì rẹ̀ wà ní Udupi nítòsí wa, ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Sudama. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà ni wọ́n ti jọ kàwé. Krishna di ọba, Sudama di tálákà. Nígbà tí Sudama fẹ́ lọ kí i, ìrẹsì yìí nìkan ló rí dì sínú aṣọ. Ojú ń tì í láti gbé e jáde láàfin, Krishna bá já a gbà, ó sì jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Kí Sudama tó padà délé, ahéré rẹ̀ ti di ààfin. Èmi fẹ́ràn ibi tó ti já a gbà yẹn ju ti ààfin lọ.

Bí o bá rí ewé kọ́rì, rà á púpọ̀ kí o kó o sí fírísà. Ata náà, lọ èyí tó máa tó ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ́jọ́ Sátidé, kí o má baà máa wá ẹ̀rọ ìlọta ní ìdájí. Kọ̀wé sí mi bí o bá ti ṣe é, kí o sọ bóyá àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ní ata pọ̀ jù, dín in kù, kí o fi ṣúgà díẹ̀ kún un. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bọ́sẹ̀dé