Ẹ jẹ́ ká máa san owó yunifásítì díẹ̀díẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Sábó, Ìkòròdú níbí, ọmọ mi obìnrin sì wà ní yunifásítì ìjọba, ọdún kejì rèé. Ní sẹ́mẹ́sítà tó kọjá, ó ku ọ̀la kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ni wọ́n sọ pé ẹni tí owó ẹ̀ ò bá pé ò ní wọlé, ọmọ mi ti san ju ìdajì lọ o, wọ́n ní ìyẹn ò kàn wọ́n, ni mo bá sáré lọ bá alájọ wa, òun ló yá mi èyí tó kù. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Àwa tá à ń tajà, owó kì í wọlé fún wa gìdìgbà. Ojoojúmọ́ ni mò ń dá àjọ, ọjọ́ tí ọjà bá tà mo dá púpọ̀, ọjọ́ tí òjò bá dí wa lọ́wọ́ mo dá kékeré, bọ́dún bá sì yí po owó ẹ̀ ti jọjú. Kí ló dé tí iléèwé ò lè gba owó lọ́wọ́ wa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pín in sí oṣù mẹ́jọ, kí ọmọ máa gba rìsíìtì ẹ̀? Iye yẹn náà ni wọ́n máa gbà, kọ́bọ̀ ò ní dín.

A rántí LASU, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ní 2011 tí wọ́n gbé owó ibẹ̀ kúrò ní 25,000 náírà, tí àwọn kọ́ọ̀sì kan di 348,750, ariwo yẹn pọ̀, 2014 ni wọ́n tó dá a padà. Mi ò ní kí wọ́n padà sí 25,000 o, mo mọ bí nǹkan ṣe wọ́n.

Lóònù NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, dáa, èlé ò sí níbẹ̀, iléèwé ni wọ́n sì ń sanwó náà fún tààrà. Àmọ́ ọmọ mi ní òun ò fẹ́ jáde iléèwé ti gbèsè ti gbèsè, mi ò sì lè fipá mú un.

Sẹ́mẹ́sítà míì ti ń kanlẹ̀kùn. Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ alájọ mi báyìí, ẹ bá mi bi àwọn aláṣẹ bóyá wọ́n á gbà á.

Èmi ni,
Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan,
Ọjà Sábó, Ìkòròdú.